Omi ní Yaba: Ohun tí Àkókò Ẹ̀rí Wa Ń Fò

Ní ọdún 2016 ni fíìmù 93 Days jáde. Steve Gukas ni ó darí rẹ̀, ìtàn bí a ṣe lé àrùn Ebola kúrò ní Nàìjíríà ní ọdún 2014 ni ó sì sọ. A tún un wò pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, a sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìtàn tí Dókítà Ada Igonoh, ọ̀kan nínú àwọn tí àrùn náà mú tí kò sì pa, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014. Ìtàn yìí ti di ẹ̀rí lórí ọ̀pọ̀ pẹpẹ. Nítorí náà ó yẹ kí a yẹ ọ̀nà tí a ń gbà sọ ọ́ wò.

Ẹni tí ó bá ti gbàgbé, kí ó rántí. Ní ogúnjọ́ oṣù keje ọdún 2014, Patrick Sawyer gbé àrùn náà wọ Èkó láti Liberia. Dókítà Ameyo Adadevoh kọ̀ jálẹ̀ pé kò ní kúrò ní ilé ìwòsàn, òun fúnra rẹ̀ sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Ogún ènìyàn ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ nínú wọn kú. Yaba ni wọ́n kó àwọn aláìsàn ti Èkó lọ, sí ilé ìwòsàn àrùn àkóràn tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá láìyíjú wò ó.

Kí ni Igonoh sọ pé ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Ó gbàdúrà. Ó ń gbọ́ ìwàásù. Pásítọ̀ rẹ̀ ń pè é lórí fóònù. Ó sì ń mu omi ORS, ju líta mẹ́rin lọ lóòjọ́, pẹ̀lú èébì àti ìgbẹ́ gbuuru. Omi yìí kò jìnnà sí omi iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n kọ́ àwọn ìyá wa láti pò fún ọmọ tí inú ń ṣàn. David Brett-Major, dókítà tí àjọ ìlera àgbáyé rán wá, a máa wọlé nínú aṣọ tí ó bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, a sì máa rọ̀ ọ́ pé kí ó mu ún. Nígbà tí ara rẹ̀ ń le, Igonoh náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àwọn tí wọ́n jọ wà ní wọ́ọ̀dù pé kí wọ́n mu tiwọn. Nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, àdúrà kò bá omi jà.

Lórí pẹpẹ wa ni ìjà ti dé. A ti gbọ́ ìtàn yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lẹ́nu àwọn oníwàásù. Ìwàásù tí ó gbọ́ wà níbẹ̀, ìpè pásítọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n omi kò sí, ẹni tí ó ní kí ó mu omi kò sí. Kì í ṣe ìtàn Ebola nìkan ni a ń gé báyìí. Ní ìjọ kan ní Mushin, arábìnrin kan jẹ́rìí pé Ọlọ́run gbé òun dìde lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Lẹ́yìn ìsìn a bi í pé, ta ni ó ń tọ́jú àwọn ọmọ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn? Ó rẹ́rìn-ín: “Ìyá Bọ́lá ni o, yàrá kejì sí tiwa. Òun ló ń pọn èyí tó kéré.” Kò dárúkọ rẹ̀ nígbà tí gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. A kò dá a lẹ́bi, nítorí àwa ni a kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́rìí.

Àwọn kan yóò sọ pé bí a bá dárúkọ ènìyàn, a ti pín ògo Ọlọ́run. Ẹ jẹ́ kí a ka Máàkù 2:5. Àwọn mẹ́rin gbé ọkùnrin kan wá lórí ẹní, wọ́n dá òrùlé lu, Máàkù sì sọ pé ìgbàgbọ́ wọn ni Jésù rí. Tiwọn, àwọn tí ó gbé ẹní! Iṣẹ́ ọwọ́ àti èjìká ni ìgbàgbọ́ yẹn.

Ẹ tún wo Mátíù 25:36. Ọ̀rọ̀ tí Bíbélì Yorùbá wa lò fún aláìsàn níbẹ̀ ni “bójú tó”. Kì í ṣe “wò sàn”. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ bá episkopos tan, bí “bójú tó” ti bá “alábòójútó” tan. Oyè tí a fi ń pe olórí ìjọ wa nìyẹn. Èyí tí ó wà nínú Mátíù kò béèrè ororo ìfàmì-òróró tàbí ohùn ńlá. Yíyọjú sí ẹni tí ó wà lórí ibùsùn ni. Ní ọdún 2014, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ṣe àbẹ̀wò bíi 18,500, láti ojúlé dé ojúlé, láti wo bí ara àwọn tí ó ti súnmọ́ aláìsàn ṣe gbóná sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wo ẹnikẹ́ni sàn. Wọ́n bójú tó wọn ni.

A kò sọ pé gbogbo inú rere ni ó dára bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, àtẹ̀jíṣẹ́ kan tàn kálẹ̀ lóru pé kí a fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí a sì mu ún, kí Ebola má bàa mú wa. Oore ni àwọn tí ó fi í ránṣẹ́ sí ẹbí àti ará ìjọ rò pé àwọn ń ṣe, ìròyìn sì sọ pé ó kéré tán ẹni méjì kú. Iyọ̀ ni ti Yaba, iyọ̀ ni èyí náà. Ẹni tí ó wá síbi ibùsùn mọ ìwọ̀n tirẹ̀.

Fíìmù náà ṣe dáadáa jù wá lọ, nítorí ó fi omi hàn. Ṣùgbọ́n òun náà fò ní tirẹ̀: àwọn dókítà ni ó gba ojú rẹ̀. Àwọn tí ó ń nu ilẹ̀, tí ó ń da ohun tí aláìsàn bì nù, wọn kò gba ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

A ti ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń darí àkókò ẹ̀rí ní Surulere àti Yaba máa bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè kan kí ó tó gbé gbohùngbohùn sílẹ̀: ta ni ó wà lọ́dọ̀ rẹ? Àwọn kan ti ráhùn pé ìṣẹ́jú méjì ni ìjọ wọn fi sílẹ̀ fún ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan. Ìyá Bọ́lá kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ.