Jíjọra: Ojú Obìnrin láti Ère Mblo dé Àwòrán Laetitia Ky

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Bí òwe yìí ti gbajúmọ̀ tó, àwọn alárìíwísí kò yé bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n ń gbé àwòrán ara wọn sórí Facebook, Instagram àti TikTok. Ẹ̀sùn tí wọ́n sábà fi ń kàn wọ́n ni pé irọ́ ni wọ́n ń pa, pé ojú tí ó wà nínú fóònù kọ́ ni ojú tí wọ́n ń bọ́ láàárọ̀. Bí a bá gbé ẹ̀sùn náà dé Djébonoua, kò ní fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Gúúsù Bouaké ni Djébonoua wà, ní ojú títì tí ó lọ sí Yamoussoukro, ní ilẹ̀ àwọn Baoulé ti Côte d'Ivoire. Àwọn Baoulé ní ère ìbòjú kan tí wọ́n ń pè ní Mblo. Bí obìnrin kan bá lókìkí fún ẹwà tàbí fún ijó, agbẹ́gilére lè gbẹ́ ojú rẹ̀ sára igi. Ọkùnrin ni yóò gbé ère náà bojú jó, obìnrin tí ó ni ojú yóò sì jáde bá a jó. Agbẹ́gilére kì í gbẹ́ àléébù: iwájú orí a máa ga, ìpéǹpéjú a máa wálẹ̀, irun a máa wà ní dídì. Ní nǹkan bí ọdún 1913, Owie Kimou gbẹ́ irú ère bẹ́ẹ̀ fún Moya Yanso. Nígbà tí Susan Vogel ya àwòrán obìnrin náà ní 1971, ó ti di arúgbó, ṣùgbọ́n ojú ọ̀dọ́ rẹ̀ ṣì wà lára igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ta ni yóò pe ìyẹn ní irọ́?

Àwọn aṣelámèyítọ́ Yorùbá tí Robert Farris Thompson fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ní orúkọ fún ìwọ̀n tí ère gbọdọ̀ dé: jíjọra. Ère kò gbọdọ̀ jọ ènìyàn jù, kò sì gbọdọ̀ ṣàì jọ ọ́. A lè bu ẹwà kún ojú, kìkì kí ojú náà ṣì lè jẹ́ orúkọ ẹni tí ó ni ín.

Òṣùwọ̀n yìí ni ó yẹ kí a fi wọn iṣẹ́ Laetitia Ky, ọmọ Côte d'Ivoire tí a bí ní 1996. Irun orí rẹ̀, irun àfikún, wáyà àti òwú ni ó fi ń mọ ère sórí ara rẹ̀, tí yóò sì gbé àwòrán rẹ̀ sórí Instagram. Láti 2017 ni iṣẹ́ náà ti tàn káyé, ó sì wà lára àwọn tí ó ṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà Venice ní 2022. Kí irun máa sọ̀rọ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Obìnrin tí ó di kojúsọ́kọ ti wí tirẹ̀ tán. Ní 1968 ni J.D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà. Ẹ̀yìn orí ni ó yà jù. Irun náà di ìlúmọ̀ọ́ká, a kò sì mọ ojú ẹni tí ó ru ú. Ky yí ojú padà síwájú. Nínú Mblo, obìnrin ní láti dúró kí wọ́n yàn án. Ky ni agbẹ́gilére, òun náà ni oníjó.

Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kò dọ́gba. Nínú èyí tí irun ti di ọkùnrin tí ó ń ká aṣọ obìnrin sókè, ọ̀rọ̀ ìfìyàjẹni náà múná, ó sì tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwò kan ni ó gbà. Èyí tí irun ti di ọwọ́, tí ọwọ́ náà sì ń parí ohun tí apá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ni ènìyàn yóò padà lọ wò. Nínú méjèèjì, ohun kan kò yí padà: bí irun ti wù kó para dà tó, ojú náà dúró ní tirẹ̀, awọ rẹ̀ sì dúdú.

Ibí yìí ni ewu wà fún ọ̀dọ́bìnrin tí kì í ṣe Ky. Irinṣẹ́ kan wà nínú fóònù tí ó ń sọ imú gbogbo ènìyàn di tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó sì ń sọ awọ gbogbo ènìyàn di pupa. Ní 2015, ìjọba Côte d'Ivoire fi òfin de àwọn ìpara tí ń bóra. Òfin náà kò lè dé inú fóònù. Ẹ̀bi irinṣẹ́ yìí kì í ṣe pé ó ń ṣe ènìyàn lẹ́wà, nítorí Owie Kimou náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bi rẹ̀ ni pé ẹwà kan ṣoṣo ni ó mọ̀, tí ó ń fi fún gbogbo ènìyàn. Moya Yanso lè jókòó ti ère rẹ̀ ní ọjọ́ ogbó, kí ará abúlé wò ó, kí wọ́n sì mọ̀ pé òun ni. Kí ọmọbìnrin Djébonoua tún ojú rẹ̀ ṣe bí ó ti wù ú, ṣùgbọ́n kí ó fi èyí tí ìyá rẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n sílẹ̀.