Àmì Oyè Lára Kákí àti Ojú Tí Eré Àgbéléwò Fi Ń Wò Ó

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Àwọn náà ni wọ́n tún sọ pé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Ẹni tí ó bá wo òwe méjèèjì lóréfèé lè rò pé wọ́n ń ta ko ara wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Èkíní ń sọ bí aráyé ṣe ń ka aṣọ; èkejì ń kìlọ̀ pé ohun tí aṣọ sọ lè má jẹ́ òtítọ́. Orí òwe méjèèjì yìí ni a ó dúró sí láti ṣe lámèyítọ́ ohun kan tí ojú ń fò dá nínú eré àgbéléwò wa, ìyẹn ni àmì oyè tí a ń rán mọ́ aṣọ ológun àti ti ọlọ́pàá.

Èdè ni àmì oyè, gírámà rẹ̀ sì le. Nínú iṣẹ́ ológun ti Nàìjíríà, tí ó jogún àṣà Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó bá ní ọ̀já kan ṣoṣo tí a ṣẹ́ po lápá òkè, láǹsì kọ́pùrà ni. Ọlọ́já méjì ni kọ́pùrà. Ọlọ́já mẹ́ta ni sájẹ́ǹtì. Okùn ni àwọn ará ìlú ń pe ọ̀já yìí. Ṣóńṣó rẹ̀ a máa kọjú sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òkè ni ṣóńṣó tiwọn ń kọjú sí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ó ja ogun abẹ́lé wọn láàárín 1861 sí 1865 dojú tiwọn kọ ilẹ̀. Èyí tí ó tún yani lẹ́nu jù ni pé, láàárín àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn, bí a bá rán irú ọ̀já yìí kan náà sí apá òsì nísàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́, tí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sókè, kò sọ̀rọ̀ oyè mọ́. Ohun tí ó ń sọ ni pé ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ti fi ìwà rere sìn fún ọdún pípẹ́. Ọ̀já kan náà ni, òwú kan náà ni. Ibi tí a rán an sí àti ibi tí ó kọjú sí ni ó yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti lóye. Lẹ́tà kan náà ni a fi kọ igbá, igba, ìgbà àti igbà. Ohùn ni ó sọ ọ̀kan di ohun tí a fi ń bu omi, tí ó sọ ìkejì di òǹkà, tí ó sọ ìkẹta di àkókò, tí ó sì sọ ìkẹrin di okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Ẹni tí ó bá kọ ọ̀rọ̀ láìfi àmì ohùn sí i ń ti wàhálà sọ́rùn òǹkàwé. Bákan náà ni ẹni tí ó rán okùn mẹ́ta síbi tí kò yẹ: lẹ́tà pé, ohùn ṣì.

Nítorí náà ni télọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ kì í fi ìwàǹwára rán an. Bí aṣọ bá jẹ́ irú èyí tí ń sún kì, yóò kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, kí ó má baà sún kì lábẹ́ àmì tí ojú aṣọ yóò fi hunjọ. Yóò wọn apá aṣọ láti ojú ìrán èjìká dé ìgbọ̀nwọ́, yóò wá àárín rẹ̀, yóò fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbẹ̀. Ìlà tí áyọ́ọ̀nù fà sí apá aṣọ ni yóò fi ṣe atọ́nà kí ṣóńṣó má baà yẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn. Yóò fi ìrán gbọọrọgbọọrọ dì í mú ná, yóò ní kí ẹni tí ó ni ín wọ̀ ọ́, kí ó sọ apá sílẹ̀, nítorí ohun tí ó tọ́ lórí tábìlì lè wọ́ lára ènìyàn. Ìgbà tí ó bá rí i pé ọ̀tún àti òsì dọ́gba ni yóò tó fi òwú tí ó bá àwọ̀ etí àmì mu rán an wẹ́wẹ́ yí ká. Bí oyè bá sì ga sí i lọ́jọ́ iwájú, yóò tú ti àtijọ́, yóò ṣa gbogbo ìdí òwú kúrò, kí oyè àná má baà máa yọjú lábẹ́ toòní.

Ẹ wá wo ohun tí à ń rí nínú ọ̀pọ̀ eré àgbéléwò wa. Ẹni tí gbogbo òṣèré ń pè ní ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá yóò jókòó sẹ́yìn tábìlì pẹ̀lú okùn méjì lápá. Ẹni tí ń kí i ní kíkí ológun yóò ní mẹ́ta. Apá ọ̀tún yóò ní àmì, apá òsì yóò ṣófo. Nínú ìran tí ó tẹ̀ lé e, òsì yóò ní, ọ̀tún yóò ṣófo. Ológun Nàìjíríà yóò gbé okùn tí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sókè bíi ti Amẹ́ríkà, nítorí pé ọjà òkìríkà ni a ti rí aṣọ rẹ̀ rà. Olùdarí tí kò ní gbà kí ìyàwó ọba dé gèlè ìyá ẹlẹ́kọ kò rí ohun tí ó burú nínú èyí. Lójú rẹ̀, kákí ni kákí ń jẹ́.

Àwọn kan yóò gbèjà wọn pé òfin ni ó fà á. Lóòótọ́, ní 2022, Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá nígbà náà, Usman Alkali Baba, kìlọ̀ fún àwọn eléré pé kí wọ́n má ṣe lo aṣọ ọlọ́pàá láìgba àṣẹ, Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sì wà lẹ́yìn rẹ̀. A gbà pé ẹ̀rù òfin lè mú kí eléré yẹra fún aṣọ gidi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ yẹra fún un lè dá àmì tirẹ̀ sílẹ̀ fún ìlú inú eré rẹ̀, kí ó sì rọ̀ mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Aṣọ tí a dá sílẹ̀ lè ní gírámà. Aṣọ tí a rán jákujàku kò ní.

Àwọn baba wa mọ gírámà yìí kí kákí tó dé. Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó jáde ní 1921, ṣàlàyé pé bí a bá fẹ́ fi ènìyàn jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, a ó fá orí rẹ̀, a ó sì sín gbẹ́rẹ́ 201 sí i. Fìlà ìkó oódẹ àti awọ ẹkùn wà lára àmì oyè rẹ̀, ṣùgbọ́n inú awọ orí rẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ kọ oyè náà. Ọgbọ́n yìí ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá àti Túndé Kèlání gbé jáde nínú Ṣaworoidẹ ní 1999. Lágàta, ológun, fi ìbọn gba ìtẹ́ Jogbo, ó sì dé adé láìgba gbẹ́rẹ́. Adé wà ní ibi tí ó yẹ kí ó wà gan-an. Kò sí ẹni tí yóò wò ó tí yóò sọ pé ó wọ́. Nígbà tí ìlù ṣaworoidẹ dún, adé náà ni ó pa á. Eré yìí fi yé wa pé kí àmì dúró síbi tí ó yẹ kò tíì tó. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀jẹ́ lẹ́yìn.

Ǹjẹ́ kì í ṣe pé eré yìí gan-an ń dá àwọn tí kò ka ìrán sí láre? Adigunjalè pàápàá lè rán okùn mẹ́ta dáradára sápá, kí ó sì dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni, àmì lè purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ èdè kan rárá kò lè mọ ìgbà tí a ń fi èdè náà purọ́ fún òun. Lágàta kò lè ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí àwọn ará Jogbo kò bá mọ ohun tí adé ń sọ.

Ológun ṣe ìjọba lé wa lórí láti 1966 sí 1979, àti láti òpin 1983 sí 1999. Ohun kan tí àkókò náà kọ́ wa ni pé kí a máa sá fún kákí láìwo ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Ẹni tí a nà ní gbangba yóò délé, yóò sọ pé sọ́jà ni ó na òun. Kò ní lè sọ pé kọ́pùrà ni tàbí kápútẹ́ẹ̀nì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, torí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni àmì oyè ṣe wúlò fún ará ìlú. Ó ń sọ ẹni tí ó ní àṣẹ àti ẹni tí a pa àṣẹ fún, kí ẹjọ́ lè mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn. Nàìjíríà tí ó bọ́ lábẹ́ adé Gẹ̀ẹ́sì ní 1963 kò fi adé sí èjìká mejọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹyẹ idì tí ó wà lórí àmì orílẹ̀-èdè wa ni ó wà níbẹ̀. Èyí ń wí pé orúkọ wa ni ọ̀gá náà fi ń pàṣẹ.

Eré tí ó da gbogbo èyí pọ̀ mọ́ra ń bá ẹ̀rù àtijọ́ ṣiṣẹ́. Ó ń sọ fún ọmọ tí a bí lẹ́yìn 1999 pé kákí kò lójú, kò lórúkọ, kò sì sí ẹni tí a lè bi pé, "Ta ló pàṣẹ?" Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe mímì fún adìẹ. Kí àwọn eléré wa má ṣe gbé e mì.