Ẹnu Kọ̀ńdọ́ ní Palmgrove

Iṣẹ́ ọnà ni ìpè kọ̀ńdọ́ dáńfó. Ní Palmgrove, lójú ọ̀nà Ìkòròdú l'Ékòó, wọ́n ń to Onípáànù, Fádéyí àti Ojúẹlẹ́gba léra láìmí, bí ẹni ń ki oríkì. Orúkọ ibi lásán ni, ẹni tó ń lọ ti gbọ́ tirẹ̀.

Àṣẹ wọn ni mo fẹ́ràn jù. "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" "Ẹ sún mọ́ra!" Nínú ìkánjú náà, wọn ò gbàgbé ọ̀wọ̀: "Ẹ rọra sọ̀, màmá!" Sí dẹ́rẹ́bà, "Ó wà o!" ti tó, ọkọ̀ á dúró, wọ́n á lu ara ọkọ̀, ó tún di ìrìn.

Láti 2008 ni bọ́ọ̀sì BRT ti ń gba ọ̀nà yìí. Ó wúlò gan-an, àmọ́ kì í pe èrò báyìí.