Kókó Tí Kì Í Tú

Ọ̀gá mi fẹ̀yìn tì lọ́dún yìí. Níbi ayẹyẹ tí a ṣe fún wọn, àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ nípa ipò tí wọ́n dé, nípa ìwé tí wọ́n kọ, nípa àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn tó ti di ọ̀gá nílé àti lókè òkun. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba ọwọ́ wọn. Èmi ní tèmi, bí wọ́n ṣe ń gbé ìrẹsì kiri, ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò lọ́wọ́ òsì wọn ni mò ń wò, ìka tí wọ́n fi ń ti kókó wọlẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá ní kí wọ́n fi ìka yẹn tẹ ìwé, mi ò rò pé ó máa rí ilà kankan kà níbẹ̀. Okùn ti ha á dán.

Èjìká ni iṣẹ́ wa. Iṣan mẹ́rin ló yí orí egungun apá ká, èyí tó gba òkè kọjá ló sì máa ń já jù. Àwọn tí ọjọ́ orí ti ń ga, tí wọ́n sì ń na ọwọ́ sókè ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, àwọn káfíńtà, àwọn akunlé, ni wọ́n ń wá bá wa. Apá á kọ̀ láti gòkè, ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún kò sì ní ṣeé sùn lé lóru. Tiwa ni ká fa iṣan náà padà sórí egungun tó ti ṣí kúrò, ká dì í mọ́bẹ̀ títí ara fúnra rẹ̀ yóò fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 12 kí ìlẹ̀mọ́ yẹn tó ní agbára tí èèyàn lè fọkàn tán. Títí dìgbà náà, okùn ló ń ru ẹrù.

Okùn náà gbọ́dọ̀ rí nǹkan dì mú lára egungun. Codman ní Boston ti kọ̀wé nípa títún iṣan yìí rán láti ọdún 1911, nígbà tí kò sí ju abẹ́rẹ́ àti okùn lọ. Ní 1944, McLaughlin ṣàlàyé bí a ṣe ń lu ihò sínú egungun kí okùn gba ibẹ̀ kọjá, ká wá ta kókó sí ìta. Bí Ọ̀gá ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ní 1985 ni Goble àti Somers, àwọn ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ fún ohun kékeré kan tí a ń kàn mọ́ inú egungun, tí okùn sì ti wà nídìí rẹ̀. Anchor ni gbogbo tíátà ń pè é. Èèkàn ni Ọ̀gá ń pè é, èmi náà kò sì ní pè é ní nǹkan mìíràn. Irin ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ṣe é, titanium pàápàá. Lẹ́yìn náà ni ike tó ń yọ́ sínú ara dé, lẹ́yìn ìyẹn ike líle tí wọ́n ń pè ní PEEK, títí dórí èyí tó jẹ́ okùn lásán, tó ń ká ara rẹ̀ jọ nínú ihò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹ̀ ju mílímítà 5 tàbí 6 lọ.

Orúkọ tí Ọ̀gá sọ ọ́ bá a mu. Ẹni tó bá ti so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ rí mọ̀ pé èèkàn tí a dà sẹ́yìn, kúrò lọ́dọ̀ ẹran, ló ń pẹ́ ní ilẹ̀. Ní 1995, Stephen Burkhart, oníṣẹ́ abẹ èjìká ní San Antonio ní Texas, gbé irú ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé àwọn oníṣẹ́ abẹ. Ọgbà ẹran màlúù ní gúúsù Texas ló lọ wò: àwọn tó ń ṣe ọgbà níbẹ̀ máa ń ri òkúta ńlá mọ́lẹ̀, wọn á so wáyà mọ́ ọn, wọn á fi fa òpó igun ọgbà kó má baà wó. Ó ṣírò rẹ̀, ó ní igun tí a fi ń kan èèkàn wa, àti igun tí okùn fi ń fà á, kò gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀n 45 lọ. Wọ́n ti bá a jiyàn láti ìgbà náà. Àwọn kan dán an wò ní 2009, wọ́n ní èyí tí a kàn lóròó gan-an ló di iṣan mú jù. Èmi ò dá sí i. Nínú egungun tó le, méjèèjì á dúró. Nínú egungun ẹni ọgọ́rin ọdún, n kì í fọkàn tán ìkankan.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé èèkàn kò mọ iṣan rí. Egungun ló mọ̀. Kókó ló ń tẹ iṣan mọ́lẹ̀, kókó yẹn sì ni àwọn ọ̀dọ́ iṣẹ́ wa ń fojú kéré lónìí.

Okùn méjì ló máa ń yọ jáde lẹ́yìn tí a bá ti gbà á kọjá nínú iṣan. Bí a ṣe ń dé ibẹ̀, mo fò ó. Ẹni tó mọ̀ ti mọ̀, ẹni tí kò mọ̀ kò ní tipa ìwé mọ̀ ọ́n. Nínú méjèèjì, ọ̀kan ni a óò fà le, òun ni òpó. Ìkejì á lọ́ mọ́ òpó lára. Tó bá lọ́ lẹ́ẹ̀kan, a ti í wọlẹ̀ lọ bá iṣan. Tó bá tún lọ́, a tún ti í wọlẹ̀. Ẹni tó ń wòran á rò pé ó tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí gbogbo ìlọ́ bá dojú kọ ọ̀nà kan náà lórí òpó kan náà, kò tíì di kókó. Wọ́n kàn tò lé ara wọn ni, tí òpó bá sì mì, wọn á máa yọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú omi iyọ̀ tó ń ṣàn yí kámẹ́rà tí a ń tì bọ inú èjìká ká, ó tún máa ń yá wọn lára láti yọ̀.

Nǹkan méjì ni a ń ṣọ́. Kókó fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yọ̀, èyí ni gbogbo èèyàn mọ̀. Èkejì ni òrùka okùn tó gbá iṣan mọ́ra: kò gbọ́dọ̀ dẹ̀ kí kókó tó jókòó. Mo ti rí kókó tó le débi pé a ní láti fi abẹ tú u, tí iṣan abẹ́ rẹ̀ sì ń fì, kò kan egungun rárá. Nínú àwọn àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe sórí ẹ̀rọ, tí òrùka bá ti fẹ̀ sí i ní mílímítà 3, wọ́n á kà á sí pé kókó ti já. Mílímítà 3 péré! Kò sí aláìsàn tó máa mọ̀ lára pé nǹkan kan ti ṣí. Ó kàn máa rí i lẹ́yìn oṣù mélòó kan pé apá òun ò gòkè.

Ojóbó ni Ọ̀gá fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdẹ ni wọ́n, ní Òkè-Ògùn, wọ́n sì ti mọ ojóbó ta kí wọ́n tó mọ ìwé kà. Wọ́n sọ fún mi rí pé bàbá wọn máa ń dì wọ́n lójú, á ní kí wọ́n ta ojóbó, á wá fi ọ̀pá fà á wò. Ojú tí wọ́n fi ń sọ ọ́, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí ìnira. Nínú tíátà, wọn kì í wo kókó. Wọ́n á gbójú sókè bí ẹni ń wo ògiri, ọwọ́ á máa lọ. Tí mo bá tẹjú mọ́ okùn nínú ihò èjìká, wọ́n á ní, “Dókítà, kí lò ń wá níbẹ̀? Ìka ni kó o fi gbọ́ ọ.”

Ojóbó ti sọ̀kalẹ̀, ó ti bá iṣan, òrùka ti fún. Ó wá kù ká tì í pa. Ìlọ́ mẹ́ta ló kù, ibí yìí ni ọgbọ́n wà. Ìlọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dojú kọ ibi tí èyí tó ṣáájú rẹ̀ kẹ̀yìn sí, òpó sì gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á yọ irinṣẹ́ ìtìkókó kúrò lára okùn kan, á fi sórí ìkejì, á tún yọ ọ́, á tún fi bọ̀ ọ́, aláìsàn á máa sùn lọ. Ọ̀gá kì í yọ nǹkan kan. Òpó kì í ṣe orúkọ tí a bí mọ́ okùn. Èyí tí a bá fà le lásìkò náà ni òpó. Tí mo bá dẹ ọwọ́ lórí èyí tó le, tí mo wá fa èyí tó ti dẹ̀, ìlọ́ tó wà láàárín wọn á yí padà. Èyí tó ń lọ́ tẹ́lẹ̀ á dúró gbọin, òpó ìṣáájú á wá lọ́ mọ́ ọn lára. Ọwọ́ kò kúrò níbi tó wà. Ìmọ̀lára rẹ̀ kéré púpọ̀: nǹkan kan á kọ́ ìka, á sì jọ̀wọ́. Ẹni tí kò bá tíì mọ̀ ọ́n lára lè wà nídìí tábìlì lọ́dún márùn-ún kó má mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀.

Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lára ni pé Ọ̀gá fún mi ní agolo mílíìkì. Wọ́n ti kan ìwọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ ta kókó mọ́ ìwọ̀ náà nínú agolo, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tí wọ́n bu omi ọṣẹ sí, kí agolo má sì kúrò lórí tábìlì. Wọn ò lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tí mo bá fa okùn sókè, agolo á gbéra, wọ́n á gbọ́ ọ láti ọ́fíìsì wọn, wọ́n á ké sí mi pé, “Ó ti ya!” Iṣan ni wọ́n ń sọ. Ìgbà yẹn ni mo mọ ìdí tí ìka wọn fi ń kọjá kókó lọ sísàlẹ̀ kí wọ́n tó fà: okùn kan á lọ síwájú, èkejì á bọ̀ sẹ́yìn, wọ́n á kẹ̀yìn síra, kókó á jókòó láàárín, nǹkan kan kò sì ní gòkè. Kámẹ́rà ti gba iṣẹ́ ìka lónìí, irinṣẹ́ gígùn la fi ń ti kókó gba inú páìpù tóóró, ṣùgbọ́n ẹnu irinṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ kọjá kókó bí ìka Ọ̀gá ṣe ń kọjá rẹ̀.

Báwo ló ṣe yẹ kó le tó? Kò sí ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́n nínú tíátà. Bí ó bá dẹ̀, iṣan á ṣí. Bí ó bá le jù, iṣan á funfun, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ibẹ̀ mọ́, okùn á sì là á kọjá. Okùn kì í sábà já. Iṣan ló ń fàya. Ìdí nìyẹn tí Gerber ní Switzerland fi dán oríṣiríṣi ọ̀nà ìránmọ́ wò ní 1994. Ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gá máa ń sọ ni, “Dì í mú, má fún un lọ́rùn.” Àwọn okùn ìgbà yẹn, bíi Ethibond, máa ń di ara wọn mú díẹ̀. Àwọn tòní, bíi FiberWire, lágbára jù wọ́n lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ara wọn ń yọ̀, wọ́n ń fẹ́ ìlọ́ tó péye. Àsìkò tí okùn wá ń béèrè ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ ni a wá ń kọ́ ọwọ́ dín kù.

Wọ́n ti ṣe èèkàn aláìníkókó báyìí. Okùn kàn há sáàárín èèkàn àti egungun, ó parí. Ọmọ tó ń tà á wá bá mi, ó ní, “Dókítà, ẹ ò ní ta kókó mọ́ láyé yín.” Bí ẹni pé mo ti ń sunkún. Mo ń lò ó, mi ò ní purọ́. Ọ̀pọ̀ ìfiwéra ló fi hàn pé àbájáde rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti kókó. Ṣùgbọ́n mo ti rí dókítà kan tó ń kọ́ṣẹ́, èèkàn yọ mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú egungun rírọ̀, ó mú okùn dání, ó ń wo ojú nọ́ọ̀sì.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni tàwọn olówó-pọ́ọ́kú. Ilé ìwòsàn àdáni kan pè mí láti wá ran akunlé kan lọ́wọ́. Èèkàn tí wọ́n gbé síwájú mi, wọ́n ti lò ó rí. Wọ́n sè é, wọ́n fi okùn tuntun sí i. Ojú ihò rẹ̀ ti di ṣàkìṣàkì, okùn kò lè fà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó má fọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ṣe nǹkan yẹn fún. Mo dá a padà, mo béèrè fún dírílì àti abẹ́rẹ́ ńlá. Mo lu ihò sí egungun bí McLaughlin ṣe wí, mo ta kókó sí ìta, ojóbó kan, ìlọ́ mẹ́ta, òpó ń pààrọ̀. Owó èèkàn tí wọ́n ì bá gbà lọ́wọ́ ọkùnrin náà wà lápò rẹ̀. Ó ti padà sórí àkàbà.

Dọ́là la fi ń ra èèkàn, àpò ara wọn sì ni ọ̀pọ̀ aláìsàn wa fi ń sanwó. Okùn àti dírílì wà ní gbogbo ilé ìwòsàn egungun tó tó bẹ́ẹ̀. Mo wá bẹ àwọn tó ń ṣètò ìdánwò oníṣẹ́ abẹ egungun nílẹ̀ wa: ẹ fi kókó títa sínú rẹ̀, lójú olùdánwò, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tútù. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò bá lè pààrọ̀ òpó lọ kọ́ ọ fún oṣù mẹ́fà sí i kó tó padà wá.