Orúkọ Tó Tọ́ sí Ọ̀pẹ̀ Tenera

Elaeis guineensis ni orúkọ tí Jacquin sọ ọ̀pẹ̀ ní 1763, orúkọ kan náà ló sì kárí gbogbo ọ̀pẹ̀ tó wà ní Ìjàgbà, ní Ìfọ́n, títí dé Bìní. Dura, pisifera àti tenera kì í ṣe ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èèpo líle tó bo èkùrọ́ ni wọ́n fi pín wọn. Ti dura nípọn. Ti tenera fẹ́lẹ́, okùn dúdú tín-ín-rín sì yí i ká nínú ẹran èso. Pisifera kò ní èèpo líle rárá. Ọ̀pẹ̀ Ifá pàápàá, tí ewé rẹ̀ lẹ̀ pọ̀, tí àwọn onímọ̀ sì ń pè ní idolatrica, kò kúrò nínú ẹbí yìí.

Ní 1941 ni Beirnaert àti Vanderweyen fi hàn ní Yangambi, ní Kóńgò, pé ọmọ dura àti pisifera ni tenera. Bí a bá fi lẹ́búlẹ́bú òdòdó pisifera sí òdòdó dura, tenera ni gbogbo ọmọ á jẹ́. Ṣùgbọ́n bí tenera bá pàdé tenera, nínú ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan á jẹ́ dura, méjì á jẹ́ tenera, ọ̀kan á jẹ́ pisifera, èyí tí èso rẹ̀ sábà máa ń bàjẹ́ kó tó gbó. Tenera kì í fi odidi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Òfin àgbáyé lórí orúkọ ohun ọ̀gbìn, tí àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1953, fàyè gba orúkọ fún irúgbìn àdàlù, bí a bá lè tún mú òbí kan náà pàdé nígbàkígbà tí a bá fẹ́ ẹ. Àwọn tó ń ṣe irúgbìn ọ̀pẹ̀ máa ń kọ ìyá ṣáájú, àmì × tẹ̀ lé e, kí bàbá tó kẹ́yìn: dura × pisifera.

Orí ọ̀pẹ̀ ìyá ni wọ́n ti ń ṣe orúkọ náà. Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ kan kí òdòdó abo tó là, àpò á ti bò ó, wọ́n á sì dè é pinpin lọ́rùn, nítorí kòkòrò kan péré tó bá ru lẹ́búlẹ́bú ọ̀pẹ̀ mìíràn wọlé ti ba iṣẹ́ jẹ́. Ojú kan wà lára àpò tí wọ́n ń gbà yọjú wo inú rẹ̀. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ kì í ka ọjọ́ nìkan. Bí ẹnu òdòdó bá funfun ràkọ̀ràkọ̀, àsìkò tó. Bó bá ti di àwọ̀ àlùkò, ó ti pẹ́ jù. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ lu àpò, wọ́n á fẹ́ lẹ́búlẹ́bú pisifera tí wọ́n pò mọ́ pàúdà wọlé, wọ́n á sì lẹ ihò náà pa. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀kalẹ̀, nọ́ńbà ìyá, nọ́ńbà bàbá àti ọjọ́ á ti wà lórí ìwé pélébé tí wọ́n so mọ́ ọn.

Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá tí kì í gba gbẹ̀rẹ́ kò jẹ́ gbàgbé: ìdì ẹyìn tí ìwé rẹ̀ bá já bọ́, ibi ìfúnpo ló ń lọ, bó ti wù kó dára tó. Irú ìnira bẹ́ẹ̀ ló so irúgbìn tó péye mọ́ ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀ lẹ́bàá Bìní ní 1939, tó di WAIFOR ní 1951, tó sì di NIFOR ní 1964, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ tó gba Ọ̀wọ̀ àti Ìfọ́n kọjá.

Oṣù márùn-ún sí mẹ́fà lẹ́yìn náà, ìdì á pọ́n. Bí a bá la èso kan nínú rẹ̀, èèpo á nípọn bíi ti dura. Kò sí èrú níbẹ̀: ara ìyá ni èèpo, ọmọ tó wà nínú rẹ̀ nìkan ni tenera. Ó di ìgbà tí ọmọ náà bá dàgbà lóko, tó sì so èso tirẹ̀, kí èèpo fẹ́lẹ́ tó hàn. Nítorí náà, ọ̀bẹ kò lè jẹ́rìí irúgbìn. Àpò àti ìwé pélébé ni ẹlẹ́rìí.

Ibí yìí gan-an ni àwọn tó ń wá owó kíákíá ti ń mú àgbẹ̀. Wọ́n á ṣa èkùrọ́ lábẹ́ ọ̀pẹ̀ tenera, wọ́n á fọ́ ọ lójú oníbàárà, èèpo á fẹ́lẹ́, wọ́n á ní ọ̀pẹ̀ àgíríìkì nìyẹn. Èèpo fẹ́lẹ́ yẹn ló ń tú wọn fó, torí tenera ni ìyá irúgbìn bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni àgbẹ̀ á tó rí dura àti pisifera tó yàgàn láàárín oko rẹ̀.

Ní ti orúkọ, bí òbí kan bá jẹ́ ọ̀pẹ̀ Amẹ́ríkà, Elaeis oleifera, ẹ̀yà méjì ló pàdé, àmì × á sì wà láàárín orúkọ ẹ̀yà méjèèjì: Elaeis oleifera × Elaeis guineensis. Ti tenera kò rí bẹ́ẹ̀. Elaeis guineensis ni ìyá rẹ̀, òun náà ni bàbá rẹ̀, àárín dura àti pisifera sì ni àmì náà ń wà.