Ogun Ẹ̀yà Ni àbí Ìjà Onílẹ̀? Àwọn Onímọ̀ Tó Ń Túmọ̀ Ìròyìn Kóńgò fún Wa

Nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ M23 wọ ìlú Goma ní òpin oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, gbogbo rédíò àti tẹlifíṣàn òkè òkun níbí ló ń wá profẹ́sọ̀ kiri, kí ó wá ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa náà gbọ́ wọn. Wọ́n á fún onímọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, oníròyìn á sì bi í pé, "Kí ló fa ìjà yìí gan-an?" Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni ìbéèrè yẹn ń fẹ́, ẹni tó bá sì fẹ́ kí wọ́n tún pe òun lọ́la yóò wá ẹyọ kan fún wọn. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ yẹ méjì nínú ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ wò, kí n sì sọ èyí tí mo fara mọ́ àti èyí tí n kò fara mọ́.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ "ẹ̀yà". Wọ́n á ní Hútù àti Tútsì ti kórìíra ara wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àlàyé yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n já ọkọ̀ òfuurufú Ààrẹ Juvénal Habyarimana lulẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin 1994, tí ìpakúpa bẹ̀rẹ̀ ní Rùwáńdà, bí ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ṣe kọ ọ́ nìyẹn: ìjà ẹ̀yà, ìkórìíra àtayébáyé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èdè kan náà ni Hútù àti Tútsì ń sọ, Kinyarwanda. Orí òkè kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, ìdílé ńlá kan náà sì lè ní Hútù àti Tútsì nínú. Ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù ló kọ orúkọ wọ̀nyí sí káàdì ìdánimọ̀ ní àwọn ọdún 1930, tí ohun tó ṣeé yí padà tẹ́lẹ̀ fi di ohun tí bàbá ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Irú káàdì yìí náà ni wọ́n ń gbà wò lójú ọ̀nà ní 1994 kí wọ́n tó pa èèyàn.

Ẹ wá wo bí onímọ̀ gidi ṣe ń ṣàlàyé. Alison Des Forges, òpìtàn ará Amẹ́ríkà tó bá àjọ Human Rights Watch ṣiṣẹ́, gbé ìwé Leave None to Tell the Story jáde ní 1999. Ìwé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ojú ìwé 800. Orúkọ èèyàn ló kún inú rẹ̀, àti ọjọ́, àti àṣẹ tó kúrò ní Kigali, tó dé ọ̀dọ̀ àwọn alákòóso ìpínlẹ̀, tó dé ọ̀dọ̀ olórí ìjọba ìbílẹ̀, tó fi dé abúlé. Ẹni tó bá kà á á rí i pé àwọn kan ló jókòó, tí wọ́n gbìmọ̀, tí wọ́n sì pàṣẹ. Ohun tí mo fi ń díwọ̀n onímọ̀ nìyẹn títí di òní: ǹjẹ́ àlàyé rẹ̀ dárúkọ ẹni tó ṣe nǹkan, àbí ńṣe ló sọ ọ́ bíi pé òjò ló rọ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn inú kíláàsì lásán o. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin 1994, bí wọ́n ti ń pa èèyàn lọ, Ìgbìmọ̀ Aláàbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pinnu láti dín àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní Rùwáńdà kù sí nǹkan bí 270. A kò lè sọ pé àlàyé "ẹ̀yà" nìkan ló fà á. Wọ́n ti pa ọmọ ogun Bẹ́ljíọ̀mù 10 ní ọjọ́ 7 oṣù yẹn, ohun tójú Amẹ́ríkà sì rí ní Sòmálíà lọ́dún tó ṣáájú ṣì ń bà wọ́n lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dá sí ìjà tí wọ́n ti sọ fún un pé kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ní òpin?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá nìyí. Bí ẹ bá ń tú ìròyìn Kóńgò sí Yorùbá, "ogun ẹ̀yà" ló máa kọ́kọ́ wá sí yín lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ tó gba oríṣiríṣi nǹkan mọ́ra ni "ẹ̀yà". A ní ẹ̀yà ara. A máa ń sọ pé Ìjẹ̀bú àti Ìjẹ̀ṣà jẹ́ ẹ̀yà Yorùbá. A tún máa ń pe Haúsá àti Ìgbò ní ẹ̀yà. Òǹkàwé tó bá rí "ogun ẹ̀yà" á rò pé èdè àwọn èèyàn náà yàtọ̀, ilẹ̀ wọn yàtọ̀, wọ́n kàn pàdé lójú ogun ni. Kí onímọ̀ tó yanu, olùtumọ̀ ti bá a parí ọ̀rọ̀.

Mahmood Mamdani, ọmọ Ùgáńdà tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Columbia (òun ni bàbá Zohran Mamdani tí wọ́n dìbò yàn ní olórí ìlú New York ní 2025), kọ ìwé When Victims Become Killers ní 2001. Àlàyé rẹ̀ ni pé ìjọba amúnisìn sọ Tútsì di àjòjì lórí ilẹ̀ tí wọ́n bí wọn sí, wọ́n sì sọ Hútù di ọmọ ilẹ̀. Ẹni tó ń pani ní 1994 gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé onílẹ̀ ni òun, àjòjì ni òun ń lé. Ẹ gbọ́ ná: Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún èyí tó bá a mu rẹ́gí, onílẹ̀ àti àtọ̀húnrìnwá. A mọ irú ìjà bẹ́ẹ̀. Èdè Yorùbá kan náà ni Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ń sọ. Àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun lé kúrò nílé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló tẹ Modákẹ́kẹ́ dó, ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ kò sì tán láàárín wọn. Ní 1997, ibi tí wọn yóò fi olú ilé ìjọba ìbílẹ̀ sí ló tún dá ogun sílẹ̀, èèyàn sì ń kú títí di 2000. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa pe ìyẹn ní ogun ẹ̀yà. Kí ló dé tí a fi ń pe ti Kóńgò bẹ́ẹ̀?

Nítorí bí ọ̀rọ̀ Kóńgò ṣe rí gan-an nìyẹn. Àwọn kan tó ń sọ Kinyarwanda ti wà ní Kivu kí òyìnbó tó fa ààlà. Láti 1937, ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù tún ń kó àwọn mìíràn wá sí Masisi láti Rùwáńdà. Ní 1972, òfin sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè ni àwọn tó ti dé kí 1950 tó wọlé. Ní 1981, òfin mìíràn gbà á padà, ó ní àfi ẹni tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wà níbẹ̀ ní 1885. Ẹ rò ó wò: ẹ sùn lọ́mọ ilẹ̀, ẹ jí ní àtọ̀húnrìnwá. Lẹ́yìn 1994, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan sá wọ ibẹ̀ láti Rùwáńdà, àwọn apànìyàn sì wà láàárín wọn. Iná tó ti ń rú èéfín ni wọ́n da epo sí.

Ìdáhùn kejì ni àlùmọ́ọ́nì. Èyí ló wọ́pọ̀ jù báyìí: fóònù yín ló ń pa wọ́n, nítorí kòltáànì. Séverine Autesserre, tó ń kọ́ni ní Barnard College, ta ko irú àlàyé bẹ́ẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ kan ní 2012. Ó ní ìtàn tó dùn ún sọ lórí rédíò ti bo ìjà ilẹ̀ àti ìjà oyè mọ́lẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ sì wà. Lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà ṣe òfin Dodd-Frank ní oṣù Keje 2010, tó ní kí àwọn ilé iṣẹ́ máa sọ bóyá Kóńgò ni àlùmọ́ọ́nì wọn ti wá, ìjọba Kóńgò fi òfin de ìwakùsà ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta láti oṣù Kẹsàn-án 2010 títí di oṣù Kẹta 2011. Àwọn tó ń fi ọwọ́ lásán wa kùsà kò rí jẹ mọ́, ogun kò sì dáwọ́ dúró.

Síbẹ̀, n kò gba ti Autesserre délẹ̀délẹ̀. Bí a bá ka iṣẹ́ rẹ̀ lónìí, ìjà abúlé gba ààyè jù níbẹ̀, ọwọ́ Kigali kò sì hàn tó. Àwọn onímọ̀ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán lọ ṣe ìwádìí sọ nínú àbọ̀ wọn ti 2024 pé ọmọ ogun Rùwáńdà tó wà ní Kóńgò tó 3,000 sí 4,000. Ìjọba Rùwáńdà ní ẹnubodè òun lòun ń dáàbò bò. Ọdún yẹn náà ni M23 gba Rubaya, níbi tí kòltáànì pọ̀ sí, owó tí wọ́n sì ń gbà níbẹ̀ tó 800,000 dọ́là lóṣù gẹ́gẹ́ bí àwọn olùwádìí yẹn ṣe wí. Àlùmọ́ọ́nì ń bọ́ ogun. Kì í ṣe òun ló bí i.

Bí ẹ bá fẹ́ ka ẹyọ ìwé kan, ti Jason Stearns ni kí ẹ mú, Dancing in the Glory of Monsters, tó jáde ní 2011. Ó wá àwọn tó ja ogun náà lọ, àti àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó tì wọ́n, ó sì jẹ́ kí wọ́n sọ tẹnu wọn. Ó gùn, orúkọ pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ máa ṣí ojú ìwé padà léraléra. Ní kíláàsì ìtumọ̀ wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a óò mú ìròyìn àdéhùn tí àwọn mínísítà Kóńgò àti Rùwáńdà fọwọ́ sí ní Washington ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà 2025, èyí tí M23 kò sí lára àwọn tó fọwọ́ sí i. Ẹ túmọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí "ẹ̀yà" wà nínú ọ̀kan, kí ó má sì sí nínú èkejì.