Ọ̀rọ̀ Ìbálòpọ̀ Nínú Ìwé Àtìgbàdégbà: Ta Ni Olóòtú Àlejò Ń Bá Sọ̀rọ̀?

Ọdún 2002 ni Amina Mama, ọmọ Nàìjíríà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní African Gender Institute ti Yunifásítì Cape Town dá ìwé àtìgbàdégbà Feminist Africa sílẹ̀. Ìlànà tí wọ́n yàn ni pé kókó-ọ̀rọ̀ kan ni ìtẹ̀jáde kọ̀ọ̀kan yóò dá lé. Ti ọdún 2005, èyí tí í ṣe ìkarùn-ún, ni wọ́n pè ní Sexual Cultures. Ti ọdún 2006 tí ó tẹ̀ lé e ni Subaltern Sexualities. Irú ìtẹ̀jáde báyìí sábà máa ń ní olóòtú àlejò, ìyẹn ẹni tí ó kọ àbá sí ìgbìmọ̀ olóòtú, tí ó ké sí àwọn òǹkọ̀wé, tí ó wá onímọ̀ tí yóò yẹ iṣẹ́ wọn wò, tí ó sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Ẹni tí ó bá yan àkọlé ti yan àwọn tí yóò sọ̀rọ̀ níbẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Òótọ́ kò ṣeé bò: iṣẹ́ ìtẹ̀jáde méjèèjì yẹ ní yíyìn. Ní àkókò náà, bí àwọn onímọ̀ bá ti dárúkọ ìbálòpọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà, àrùn éèdì ni ó kù tí wọn yóò sọ. Àwọn olóòtú wọ̀nyí fi yéni pé ìfẹ́, agbára àti ẹ̀tọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Sylvia Tamale, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Makerere, tún tẹ̀ síwájú ní ọdún 2011 pẹ̀lú African Sexualities, ìwé tí ó lé ní 600 ojú-ewé, tí ó fi ewì àti ìtàn sí ààrin iṣẹ́ ìwádìí.

Ọ̀rọ̀ èdè ni àlébù wọn. Kí àwọn onímọ̀ tó sọ ọ́ di tiwọn, orúkọ ọ̀gá sójà kékeré ni subaltern nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí àwùjọ tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń pè báyìí, ṣùgbọ́n àwọn tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an kò lè mọ̀ pé àwọn ni wọ́n ń bá wí. Nínú ìwé Tamale, Nkiru Nzegwu fi orúkọ Ọ̀ṣun ṣẹ̀dá Osunality láti sọ̀rọ̀ nípa adùn ìfẹ́ ara lọ́nà ti Áfíríkà. Àbá tí ó wu ni ni. Síbẹ̀, ìrù Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n so mọ́ orúkọ òrìṣà náà nídìí, àwọn tí ń ké oríkì rẹ̀ ní Òṣogbo kò sì ní í mọ̀ ọ́n.

Yorùbá pàápàá kò rí ọ̀nà àbáyọ tán. Ìbálòpọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń lò, ẹwà èdè ni: kí ènìyàn bá ènìyàn lò ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ìṣe nìkan ni ó sì ń tọ́ka sí lónìí, kò kan bí ọmọ ṣe ń bàlágà tàbí ohun tí ọkàn ń fẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni nǹkan oṣù, ojú ara, ó fẹ́ra kù, kò mọ ọkùnrin. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 pèsè ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ẹ̀ka yìí kò sí lára iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá torí èyí sọ pé Yorùbá kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tíì gbọ́ orin Òkèbàdàn nínú oṣù Kẹta ní Ìbàdàn, níbi tí tọmọdé tàgbà ti ń fi ẹnu ara wọn dárúkọ ohun tí wọ́n ń bò mọ́lẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ẹlẹ́fẹ̀ ní Kétu náà ń ṣe é lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ìgbà àti ibi ni Yorùbá fi ń díwọ̀n ọ̀rọ̀ yìí.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Láti ọdún 2003 ni Ìpínlẹ̀ Èkó, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Action Health Incorporated, ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa ìgbésí-ayé ìdílé àti kòkòrò HIV ní kíláàsì kékeré ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì. Inú sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ ni wọ́n fi í sí. Yorùbá kò sí níbẹ̀. Ní ojú ọ̀nà Lekki dé Ajah, ọmọ apẹja Ìlàjẹ àti ọmọ tí òbí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti ìlú mìíràn lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ọmọ tí ó bá mọ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì nǹkan oṣù lè délé kí ó má rí gbólóhùn tí yóò fi bi ìyá rẹ̀ léèrè. Nígbà tí mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Adamu Adamu, pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022 pé kí wọ́n yọ ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ kúrò nínú kòríkúlọ́ọ̀mù, kò sí èyí tí ìyá ẹlẹ́ja ní ọjà Ajah lè mú lọ́wọ́ nínú àwọn ìwé wọ̀nyí, yálà láti fi dá a lóhùn tàbí láti fi gbè é lẹ́yìn.

Ó tó àkókò kí ẹnì kan dábàá ìtẹ̀jáde bẹ́ẹ̀ ní èdè Yorùbá. Olóòtú méjì ni yóò tó o: onímọ̀ lítíréṣọ̀ kan, nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí kan. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ojú sí òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2014, tí ó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin, nítorí náà kí orúkọ ẹni tí ó bá sọ ìtàn ara rẹ̀ má ṣe hàn. Ọdún kan gbáko kò pọ̀ jù láàrin ìkésíni àti ìtẹ̀jáde. Àwọn tí ó mọ orin Òkèbàdàn jù kì í ṣe òǹkọ̀wé. Ẹni tí yóò gba ohùn wọn sílẹ̀ ní láti dúró di ọjọ́ ọdún náà.